Processor Olówó Gọbọi Tí Uncle Bá Mi Rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí kọ̀ǹpútà, torí inú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́!

Àbúrò mi, Bísọ́lá, ti kó lọ sí Canada. Láti kékeré, nínú flat wa ní Peckham, ní London níbí, géèmù lèmi àti òun jọ máa ń gbá. Níbi tó wà báyìí, kò mọ ẹnì kankan, òtútù ò sì jẹ́ kó jáde. Tó bá pè mí, á ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n ṣé mi ò mọ ohùn àbúrò mi ni? La bá ní ká máa pàdé nínú géèmù ní gbogbo Sátidé. Laptop mi ò gbé e, ni mo bá ní kí n ra ẹ̀yà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi to kọ̀ǹpútà géèmù tí kò ní gbọ́n àpò mi gbẹ.

Ibẹ̀ ni Uncle Ràsákì ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti dolóògbé ni wọ́n, mọ́ṣáláṣí kan náà la ń lọ, wọ́n sì máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fáwọn èèyàn. Wọ́n ní kí n kó owó wá, àwọn á bá mi ra gbogbo ẹ̀, àwọn ò ní gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́. Ta ló máa kọ irú ẹ̀?

Mo ti kà á káàkiri pé graphics card ló ń ya àwòrán tí à ń rí nínú géèmù, òun ló yẹ kó gba owó jù. Processor tó mọ níwọ̀n ti tó. Mo rọra sọ ọ́ fún Uncle. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín!

“Processor ni ọpọlọ ẹ̀, my dear. Ṣé ọpọlọ lo fẹ́ ra cheap one?”

Mo ní ẹ ṣeun, sir.

Ẹ̀yin èèyàn mi, processor táwọn tó ń ṣe fíìmù ń lò ni wọ́n rà! Owó táṣẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ra graphics card àlòkù kan. Wọ́n tò ó tán, wọ́n ka Fátíhà sí i, wọ́n wá bi mí bóyá ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Sátidé dé. Kọ̀ǹpútà ṣí wàrà. Géèmù bẹ̀rẹ̀, àwòrán dúró gbagidi! Kí n tó rí ẹni tó ń yìnbọn fún mi, mo ti kú.

“Sister mi, níbo lẹ wà?”

“Mo wà níbí o, mò ń kú ni!”

Sátidé tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Nígbà tó yá, Bísọ́lá ní kí n má ṣe wàhálà mọ́, òun á kúkú lọ sùn. Ó dùn mí wọnú eegun.

Mo bẹ Mummy pé kí wọ́n bá mi bá Uncle sọ ọ́. Mummy fárígá! Ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún mi, ṣé mo fẹ́ kí aráyé máa sọ pé àwọn ò kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni? Ni mo bá se ìrẹsì, mo pe Uncle wá, mo ní kí wọ́n gbá géèmù náà fúnra wọn, kí ojú wọn rí i. Wọ́n rí i. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ?

“Network yín ni o! Ẹ change ẹ̀!”

Ẹ gbà mí! Sùúrù mi tán. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́: “Uncle, ẹ má bínú, kì í ṣe network. Card yìí ni. Ọpọlọ tí ẹ rà kàn jókòó ni, kò ríṣẹ́ ṣe, card ò lè bá a rìn.”

Mummy káwọ́ lérí. Uncle yíjú sí mi.

“Kí ló dé tó ò tètè sọ? Ṣebí mo bi ẹ́! Ṣọ́ọ̀bù ì bá ti gbà á padà, àmọ́ àsìkò ẹ̀ ti kọjá báyìí.”

Ṣé ẹ rí i pé “ẹ ṣeun, sir” ló ná mi lówó yìí?

Ẹnì kan ní Stockwell la ta processor yẹn fún lówó pọ́ọ́kú. Uncle bá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n sì ná an bíi pé tiwọn ni. A ra processor tó mọ níwọ̀n àti card gidi. Ní Sátidé yẹn, Bísọ́lá sáré wá bá mi nínú géèmù, ó ń fò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn látìgbà tó ti lọ. A sọ Yorùbá títí oúnjẹ ẹ̀ fi jóná lórí iná.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: tówó yín ò bá pọ̀, ẹ má jẹ́ kí processor jẹ ẹ́ tán, card ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ sì lè bọ̀wọ̀ fún àgbà, kẹ́ ẹ ṣì sọ òótọ́ fún wọn kó tó pẹ́ jù.

Uncle ti fẹ́ràn géèmù yìí báyìí o, wọ́n ń wá gbá a ní gbogbo Sátidé! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bísọ́lá ń dúró dè mí, wọn ò dìde lórí àga mi. Mo kúnlẹ̀: “Uncle, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, àbúrò mi ń dúró.” Wọ́n dìde lójú ẹsẹ̀!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi inú rere ra ohun tẹ́ ò lè lò fún yín rí? Ṣé ẹ sọ̀rọ̀, àbí ẹ ṣì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́?