Ọmọ Màrúfátù Gba Ife Gọ́ọ̀fù

Lọ́jà Sakété, ta ni kò mọ Màrúfátù aláṣọ? Èèyàn á ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kó tó dé ìsọ̀ rẹ̀. Abidjan ló ti bí Zouleiha, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Múdàṣírù ọkọ rẹ̀ ń gé koríko ní pápá gọ́ọ̀fù níbẹ̀. Ọmọ ń tẹ̀lé bàbá lọ síbi iṣẹ́, títí òun náà fi di ẹni tó ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré wọnú ihò. Màrúfátù ní tirẹ̀ padà wálé wá tọ́jú ìyá rẹ̀ arúgbó, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré tí ọmọ fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ tí ìdíje ńlá àwọn obìnrin máa parí, Djamiou, tó ń tún télé, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, gbé ọ̀kan síta. Ọlọ́jà pé lé e lórí. Orúkọ Zouleiha jáde, àmì ìyọkúrò sì wà níwájú mọ́kànlá.

“Yéè! Wọ́n ti yọ mọ́kànlá kúrò nínú tọmọ mi! Kí ló ṣe fún wọn?” Omi lé sójú Màrúfátù.

Djamiou tẹ́tí sí Faransé tí wọ́n ń sọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Zouleiha, ẹ má sunkún. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló ń borí. Ọmọ yín ló wà níwájú!”

“Èmi tí n kò gbá a rí ńkọ́?”

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ihò ìkẹyìn. Zouleiha bẹ̀rẹ̀, ó wo koríko, ó dìde, ó rọra ti bọ́ọ̀lù náà. Bọ́ọ̀lù yí etí ihò po, ó sì já wọlé. Màrúfátù fò sókè. Gèlè bọ́, kò tilẹ̀ wò ó.

“Ẹni tó wá raṣọ, kó padà wá lọ́la!”

Kò pẹ́, fóònù dún. “Màmá, mo gbà á o!”

“Mo rí ọ! Bàbá rẹ dà?”

“Ó wà níbí, ó ń sunkún.”

“Sọ fún un pé mo ti sun tèmi tán.”

Nígbà tí Zouleiha wálé, ó kó àwọn ọmọbìnrin jọ sí pápá ilé-ìwé kan ní Yoko, ó ń kọ́ wọn. Màrúfátù ní kí wọ́n fún òun lọ́pàá. Ó gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù fò, ó di inú oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n hó yèè, wọ́n sáré tẹ̀lé e. Ọlọ́ko jáde sí wọn, ó ń bínú. Nígbà tó gbọ́ ẹni tó gbá a, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lábẹ́ ẹ̀gẹ́. Màrúfátù gbé ọ̀pá léjìká, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.