Ìrìnàjò Bàbá Tíṣà sí Igbó Páìnì Ngwo

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí Enugu nígbà náà, mo gba yàrá méjì ní Independence Layout, ìyàwó àti àwọn ọmọ mi sì wà ní Ìbàdàn. Àga ọ́fíìsì ti jẹ́ kí n sanra, dókítà ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Ni mo bá lọ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tó ní gíà rẹpẹtẹ, mo ra akoto, mo sì ra ṣòkòtò pénpé kan tó lẹ̀ mọ́ mi lára débi pé ìyá tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò máa ń wolẹ̀ bí mo bá ń kọjá. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti ń gùn ún lọ sí Thinkers Corner láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo sì ti ń sọ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè pé kò sí òkè tí mi ò lè gùn.

Nínú ìjọ Yorùbá tí mo ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo ti mọ bàbá tíṣà. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Jọ́gíráfì ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ Enugu. Ó máa ń fi àwòrán inú ìwé hàn wọ́n: igbó páìnì ilẹ̀ Sípéènì, àfonífojì jíjìn tí omi gbẹ́ sínú òkúta ẹfun, ihò àpáta tí odò ń ṣàn nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ igbó páìnì ń bẹ lórí òkè Ngwo, lókè ìlú tó ń gbé, ihò àpáta sì wà nísàlẹ̀ igbó náà, àmọ́ bàbá kò débẹ̀ rí. Iṣẹ́ ni lónìí, ìpàdé ìjọ ni lọ́la, títí ọjọ́ fi lọ.

Lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ pinnu pé kó padà sílé ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun gbọ́ pé mo ń gun kẹ̀kẹ́, òun náà sì ní kẹ̀kẹ́. Ó ní kí òun tó fi ìlú yìí sílẹ̀, òun fẹ́ fojú ara òun rí ohun tí òun ti ń fẹnu kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ta ni mo jẹ́ tí n ó sọ pé rárá? Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ pè mí láti Èkó. Ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni mo máa tẹ̀ lé bàbá lọ, òun fi bàbá lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ẹnì kẹta wa ni mekaníìkì kẹ̀kẹ́ kan, ọmọ Ngwo, tó mọ ọ̀nà orí òkè náà bí ẹní mowó. Ó yẹ kẹ̀kẹ́ tèmi wò látòkè délẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò. Nígbà tó fẹ́ fọwọ́ kan ti bàbá, kẹ̀kẹ́ dúdú gíga kan tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́, bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kẹ̀kẹ́ náà ti dáyé kí wọ́n tó bí mekaníìkì, ọwọ́ òun nìkan ló sì ń tún un ṣe. Mekaníìkì fi í sílẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fún wa: bí a bá ń gòkè, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni kó ṣáájú, kí gbogbo wa máa bá a rìn, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí búréèkì rẹ̀ dára jù ni kó ṣáájú, kó máa ké sí àwọn tó kù bó bá rí ọkọ̀ níwájú.

Àárọ̀ Sátidé la gbéra. Kùrukùru bo òkè Milken, òkè tí ọ̀nà Ngwo gbà kọjá, débi pé a kò rí orí rẹ̀. Ọ̀nà náà ń lọ́ bí ìfun, òkè wà lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun wà lọ́wọ́ kejì, igi inú ọ̀gbun ga débi pé orí wọn ló bá ẹsẹ̀ wa dọ́gba. Bàbá ló ṣáájú, mo tẹ̀ lé e. Ní kọ́nà kẹta, bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó di dandan kí èmi náà sọ̀, torí ọmọ tí a kọ́ kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kó máa wo àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ìwà ọmọlúàbí gbà mí lọ́jọ́ náà, nítorí àyà mi ti ń lù kìkì, gíà mi rẹpẹtẹ kò sì gbà mí rárá. A dé Ninth Mile, a jẹ ọ̀kpà gbígbóná tó dà bíi mọ́ínmọ́ín, a sì tẹ̀ síwájú lórí ilẹ̀ pupa láàárín àwọn òkè Udi. Ọ̀dọ̀ àǹtí mekaníìkì la sùn. Bàbá kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí a ń padà bọ̀, la wọ igbó páìnì. Mo ti rí igbó rí. Ọmọ oko ni mí. Ṣùgbọ́n igbó tí mo mọ̀ máa ń sọ̀rọ̀: ẹyẹ ń ké, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ìtàkùn ń fani láṣọ. Eléyìí dákẹ́. Àwọn igi náà dúró ṣánṣán, wọ́n lọ sókè gbọọrọ, ewé wọn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, èyí tó ti wọ́ sílẹ̀ sì nípọn bí tìmùtìmù, táyà wa ń kọjá lórí rẹ̀ láìdún. Oòrùn ń gba àárín wọn wọlé ní ìlà ìlà. Òórùn tó wà níbẹ̀ dà bíi ti pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rù ewu o, ẹ̀rù bíi ti ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé ẹni ńlá láìkan ilẹ̀kùn. Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀. Èmi náà bọ́ akoto.

A fi àwọn kẹ̀kẹ́ ti igi, a sì fẹsẹ̀ rìn lọ sísàlẹ̀, níbi tí odò kékeré kan ti ń jáde láti inú ihò àpáta. Omi náà kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ó tutù wọ eegun. A wọ inú ihò náà, ara àpáta ń dán, omi ti gbẹ́ ẹ bí ẹni fọwọ́ mọ ọ́n, nígbà tí a sì dé ìpẹ̀kun rẹ̀, a rí omi mìíràn tó ń já láti ojú ihò kan lókè orí wa, ìmọ́lẹ̀ ń bá a bọ̀. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí. Nígbà tí mo wo bàbá, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ara àpáta bí ẹni ń kẹ́ ọmọ. Ó ní ohun tí òun kọ́ àwọn ọmọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì. Títí dòní, bí mo bá rántí ibẹ̀, ara mi á bù máṣọ.

Nígbà tí a padà sídìí àwọn kẹ̀kẹ́, mekaníìkì lọ bu omi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà mi, ojú mi wá bọ́ sára kẹ̀kẹ́ bàbá. Rọ́bà búréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán, irin rẹ̀ ti yọ. Wáyà ti iwájú ti tú, ó ku bí okùn mẹ́ta. Àyà mi já, nítorí òkè Milken ló kù tí a máa sọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀mí bàbá wà lórí rọ́bà yẹn. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa wí i? Bàbá tó ti ní ọwọ́ òun nìkan ló ń tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe, ṣé èmi tó ra kẹ̀kẹ́ lánàá ni n ó sọ fún un pé kò tún un ṣe dáadáa? Mo ronú pé kí n yọ́ sọ fún mekaníìkì. Ìyẹn náà kò wù mí. Kò dára kí n tú àṣírí àgbà wa fún ẹni tí kì í ṣe ara ilé. Mo gbójú sókè, bàbá ń wò mí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo so okùn bàtà mi tán.

Nígbà tí a dé orí òkè Milken, mekaníìkì rán mi létí òfin rẹ̀. Ó ní, “Oga, you go front. Papa go dey middle.”

Mo ní mi ò lè ṣáájú bàbá. Mekaníìkì mi orí, ó ní àwa Yorùbá àti ọ̀rọ̀ àgbà. Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní kí a jẹ́ kí òun máa lọ níwájú.

Kọ́nà àkọ́kọ́ àti èkejì, kò sí nǹkan. Ìlú Enugu là sílẹ̀ nísàlẹ̀, òrùlé pupa àti búlúù lọ réré títí wọ́n fi di eruku, ó rẹwà débi pé mo gbàgbé ohun tí mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ irin tó ń họ irin. Ẹ̀yìn bàbá ń kéré lójú mi. Mo kígbe, “Bàbá, ẹ rọra!” bí ẹni pé ẹni tí kò ní búréèkì lè rọra. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń gòkè bọ̀ ní kọ́nà tó wà níwájú. Bàbá yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sápá òkè, ó wọ inú yanrìn tí àgbàrá kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ dúró, bàbá kò dúró. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó ń wo ọ̀run. Ó béèrè bóyá nǹkan kan kò ṣe mí.

Eegun èjìká ló dá. Àwọn dókítà ní bó bá jẹ́ apá ọ̀gbun ló yà sí, ọ̀rọ̀ ì bá ti yí padà. Mo jókòó tì í nídìí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mo ń ronú ohun tí n ó sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, làwọn àgbà wí. Tèmi kò dákẹ́, ó ń ké nínú mi. Níkẹyìn mo dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo ti rí búréèkì yín nínú igbó, mi ò sọ.”

Bàbá ní, “Dìde. Èmi náà ti rí i, kí n tó kúrò nílé pàápàá. Nígbà tí mo rí i pé o tẹjú mọ́ ọn, inú mi dùn. Mo ní ó parí, ọmọ yìí máa bẹ̀ mí pé kí a fẹsẹ̀ rìn sọ̀. N ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé mi ò fẹ́, lẹ́yìn náà n ó gbà nítorí tìrẹ. Mo dúró títí. O ò bẹ̀ mí.”

Ó padà sí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú apá tí wọ́n so kọ́ ọrùn, ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Gbogbo ìgbà tó bá pè mí, ọ̀rọ̀ ihò àpáta ló máa ń sọ. Kò mẹ́nu kan òkè rí.

Èmi ṣì wà ní Enugu, irun mi ti funfun, àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíìsì wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi gun kẹ̀kẹ́. Lóṣù tó kọjá, èmi àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Abẹ́òkúta la jọ gun òkè Milken. Èmi ló ṣáájú. Ní kọ́nà kejì, itan mi ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé ó ń rí i. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan, ojú ọ̀gbun ló ń wò. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí i, kí n tó rántí pé mo mọ ìdí tó fi dákẹ́. Mo la ẹnu ara mi. Kò rọrùn. Mo ní, “Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí.” Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀.