Wọ́n Ní Kafé Náà Máa Ń Ṣófo Lọ́sàn-án Fúráìdè

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí WiFi fojú mi rí ní Kaduna yìí. Mo mọ̀ pé ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ kà á tán ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun máa ń fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ní Hausa tàbí ní Yorùbá, èmi á sì tẹ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jáde. Iṣẹ́ kéékèèké ni. Ìgbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn ní àwọn fẹ́ gbà mí síṣẹ́ gidi, pẹ̀lú owó oṣù, àfi kí n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò wákàtí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà á sì máa wò mí. Ilé wa ní Kamazou ni mo ti ṣe é. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já!

Wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn á fún mi láǹfààní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Tó bá tún já, kí n máa bá tèmi lọ. Iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Kakuri sì ti kógbá sílé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan tó kù yẹn ni mo gbójú lé.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá kafé kiri nìyẹn. Mi ò sì lè wá nǹkan kí n má tọpinpin ẹ̀. Mo ra ìwé kékeré kan, mò ń kọ ọ́ sínú ẹ̀: ibo ni WiFi ti yá, agogo mélòó ló ń yá, kí ló dé tó fi ń wọ́ nígbà míì. Ọkọ mi bi mí bóyá ìjọba ti gbà mí sí ipò ọ̀gá àgbà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Èyí tó wà ní Sabon Tasha yá dáadáa, àmọ́ orin tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ kò ní jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara ẹ̀. Òmíràn wà nítòsí Kakuri, wọ́n kọ WiFi gàdàgbà sára ilẹ̀kùn. Mo wọlé, mo béèrè páásìwọ̀ọ̀dù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí WiFi ti kú, àmọ́ àkọlé yẹn rẹwà, ìyẹn làwọn ò ṣe yọ ọ́. Kí lèèyàn fẹ́ sọ?

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo sọdá odò lọ sí apá Ungwan Rimi, ibẹ̀ ni mo ti rí kafé Málàm Bashir. Tábìlì mẹ́fà péré ló ní. Málàm fúnra ẹ̀ ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àgbàlagbà tó wọ awò ojú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ṣí fídíò wò, kò dúró rárá. Inú mi dùn débi pé mo ra tíì kejì. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé tó bá ti di ọ̀sán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n á máa wa fíìmù jáde sórí kọ̀ǹpútà, WiFi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé mi. Lọ́jọ́ kan, mo kí Málàm sannu da aiki, ìyẹn ẹ kú iṣẹ́, mo wá fi Hausa bi í pé ọjọ́ wo àti wákàtí wo ni ibẹ̀ máa ń ṣófo. Ó ronú díẹ̀. Ó ní Fúráìdè, láti agogo kan títí di nǹkan bí agogo méjì ààbọ̀, kì í sẹ́nì kankan.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo délé, mo fi íméèlì ránṣẹ́: Fúráìdè, agogo kan ààbọ̀ ọ̀sán. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi tí mo máa ń béèrè ìdí gbogbo nǹkan, mi ò béèrè ìdí èyí!

Ẹ̀yin ará Kaduna ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ dákẹ́ ná.

Ní Fúráìdè, agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo débẹ̀. Wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọkùnrin wọ aṣọ funfun, wọ́n fi ẹní há abíyá, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Málàm Bashir náà wà lẹ́nu ọ̀nà nínú bàbáńrígà funfun, ó mú àgádágodo lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìrun Jímọ̀!

Kaduna ni wọ́n bí mi sí o, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀ṣì lèyí tó pọ̀ jù nínú wa ń lọ ládùúgbò wa, ọ̀sán Fúráìdè kì í yàtọ̀ sí ti ọjọ́ mìíràn. Ṣé àwáwí wá nìyẹn? Ó dájú pé kò ní sẹ́nì kankan, ẹni tó ni kafé gan-an kò ní sí níbẹ̀!

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹnu yà á. Ó ní bí òun ṣe ń rí i tí mò ń kọ nǹkan sínú ìwé, òun rò pé ìwádìí iléèwé ni mò ń ṣe.

Ó wo aago, ó wo ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó tún wò mí. Ló bá ṣí ilẹ̀kùn padà, ó tan iná sí WiFi, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn látinú," ó ní. "Má ṣí i fún ẹnikẹ́ni títí o fi máa parí."

Ọ̀sẹ̀ méjì péré la fi mọra o! Gbogbo ẹrù ẹ̀ ló wà nínú kafé yẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì rí irú WiFi bẹ́ẹ̀ rí, torí èmi nìkan ni mò ń lò ó. Nígbà tó kù bí ogún ìṣẹ́jú, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Kámẹ́rà ń wò mí, mi ò mira. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó wá dákẹ́. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn níta, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ tún pa lọ́lọ́.

Nígbà tí mo parí, mo ṣí ilẹ̀kùn. Málàm Bashir ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn, níwájú kafé ara ẹ̀, àwọn oníbàárà mẹ́rin dúró tì í. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé Málàm ló kan ilẹ̀kùn, kó tó rántí ohun tó sọ fún mi. Látìgbà yẹn ló ti ń bẹ gbogbo ẹni tó bá dé pé kí wọ́n rọra, ẹnì kan ń ṣèdánwò nínú ilé.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, pé ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò já. Mo ní kò yá báyìí rí.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo kúkú sọ fún ẹ pé kì í sẹ́nì kankan."

Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé tí wọ́n bá ní ibì kan máa ń ṣófo, kẹ́ ẹ béèrè ibi táwọn èèyàn ibẹ̀ ń lọ. Mo sì ti fi nǹkan kan kún ìwé mi: yàtọ̀ sí bí WiFi ṣe yá tó, mo máa ń kọ irú èèyàn tó ni ibẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ ti ń rí WiFi tó dáa ṣiṣẹ́, ta ló sì ti ṣe irú oore báyìí fún yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má bi mí ní àdírẹ́sì Málàm Bashir o. Tí gbogbo yín bá rọ́ débẹ̀, WiFi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.