Ẹni Tó Bá Mi Tọ́ Iyọ̀ Wò

Òórùn epo pupa tó gbóná, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ ń hó nínú rẹ̀, tí ata gígún sì ń ta èèyàn nímú, òun ni òórùn ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkirè nígbà náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹlòmíràn máa dànù nítorí pé èèpo rẹ̀ ti dúdú, òun gan-an ni àwa tí à ń dín dòdò ń wá kiri. A ó bó o, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó fi ata àti iyọ̀ pò ó, a ó sì tọ́ ọ wò kó tó wọ epo, nítorí bí a bá ti dín in tán tí a ti mọ ọ́n ṣóńṣó, kò sí àtúnṣe mọ́. Ọmọ ọmọ mi, ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ahọ́n wa ni òṣùwọ̀n wa.

Ọdún kejì tí àkọ́bí mi ọkùnrin kú ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Gìrì ló mú un, lọ́jọ́ tí mo lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Gbọ̀ngán. Ọwọ́ ìyáálé mi ni mo fi í sí. Nígbà tí mo dé, mo bá ọmọ lórí ẹní, aṣọ ti bò ó. Mi ò béèrè bó ṣe jẹ́. Mo na ìka sí ìyáálé mi lójú gbogbo ilé, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ pa á." Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gba iwájú wọlé, èmi á gba ẹ̀yìn jáde. Àìsàn bá dé sí mi lára. Àyà mi a máa lù kì-kì-kì bí àyà ẹni tí wọ́n ń lé, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun, oorun sì kọ̀ mí sílẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ní ọkàn mi ò ní nǹkan kan. Èmi mọ ohun tó ní.

Obìnrin kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi ló mú mi lọ sí ìjọ Aládùúrà tó ń lọ ní Àpòmù. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Òórùn àbẹ́là àti tùràrí gbé mi lọ́kàn. Ìyá àdúrà ibẹ̀ jẹ́ arúgbó tín-ínrín kan tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ọjọ́ méje. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ kan ahọ́n rẹ títí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ohun tí o fẹ́, sọ ọ́ fún Jésù."

Mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí Ọlọ́run mú ìyáálé mi. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ láàárọ̀, orúkọ wọn ni mò ń dá, mo sì ń pe ìyẹn ní àdúrà. Mi ò tíì mọ Ọlọ́run nígbà yẹn. Ẹni tí mo lè rán sí ọ̀tá mi ni mo rò pé ó jẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní ààwẹ̀, ojú ni mo fi díwọ̀n iyọ̀. Ebi ti mú ojú mi ṣú, àṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bù ú. Awakọ̀ kan tó máa ń dúró rà á gé e jẹ, ó tu ú sílẹ̀: "Ìyá onídòdò, ṣé òkun lẹ rọ sínú epo ni?" Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Mo gbé igbá dòdò mi padà sílé ní kíkún.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí n tọ́ ọ wò kí n sì tu ú dànù, àmọ́ mo ti ṣèlérí. Ìgbà ìkórè kòkó ni, gbogbo ilé ti lọ sí oko ní Orílẹ̀-Òwu. Ìyáálé mi nìkan ló kù, nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rìn dé ẹnu ọ̀nà wọn tí mo yí padà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ iyọ̀ wò."

Wọ́n tiro wá sídìí ààrò. Mùsùlùmí ni wọ́n, bí ọkọ wa. Wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n fi ìka kan bù ú, wọ́n dijú. "Iyọ̀ pé. Ata ni kò sí. Ṣé aláìsàn lò ń dín in fún ni?" Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, kí n tó pè wọ́n, wọ́n ti jókòó sórí àpótí.

"Ìyàwó, ààwẹ̀ yìí mà le o. Kí lò ń tọrọ?"

Mò ń ro ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ó dáa, má sọ fún mi. Àmọ́ láti ọjọ́ tí o ti pè mí yìí, bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, mo máa ń bá ọ ṣe àmín sí i. Ohun yòówù kí o máa bẹ Ọlọ́run, kó ṣe é fún ẹ."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ikú tí mò ń tọrọ fún wọn, àwọn fúnra wọn ló ń ṣe àmín sí i. Mo ní, "Ẹ má ṣe àmín mọ́. Ẹ̀yin ni mò ń gbàwẹ̀ lé lórí."

Epo ń hó. Wọ́n fi ọwọ́ pa orúnkún wọn. "Ẹ̀yìn mi ni ọmọ rẹ kú sí. Mo pọ̀n ọ́n, mo sá dé títì, kò sí ọkọ̀. Mo fẹsẹ̀ lásán sáré lọ sọ́nà ọsibítù. Ibi tí mo ṣubú sí lọ́jọ́ náà ni orúnkún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìgbà tí èémí rẹ̀ dákẹ́ lẹ́yìn mi. Mi ò pọn ọmọ kankan mọ́ látìgbà náà. O ò bi mí rí."

Mo kúnlẹ̀ sínú eérú. Gbogbo ìkúnlẹ̀ tí mo ti ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, mi ò rò pé ọ̀kan wọ ọ̀run. Ṣùgbọ́n èyí, mo mọ̀ pé Jésù wà níbẹ̀. Omijé tí kò dà lójú mi ní ọdún méjì ń dà. "Ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ẹ́. Dìde, dòdò rẹ ń jóná."

Mo fẹ̀yìn ti ògiri kí n lè mí díẹ̀. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti rọlẹ̀. Mo ti sùn, èmi! Ìyáálé mi ti dín gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ti mọ ọ́n. Wọ́n fi ẹyọ kan lé mi lọ́wọ́: "Agogo mẹ́ta ti kọjá. Jẹun." Mo jẹ ẹ́, ó sì lọ lọ́nà ọ̀fun. Mo gbé ọwọ́ lé àyà mi. Ó ń lù jẹ́jẹ́, bíi ti gbogbo èèyàn.

Ọjọ́ méjì tó kù, orúnkún wọn ni mo gbàdúrà fún. Kò san tán, mi ò ní purọ́, àmọ́ wọ́n fi rìn. Nígbà tí mo lọ jẹ́rìí ní Àpòmù, Ìyá àdúrà kàn rẹ́rìn-ín ni, wọ́n ní, "Ta ló wá ń bá ọ tọ́ iyọ̀ wò?" Títí dòní, mi ò mọ bí wọ́n ti ṣe mọ̀.

Nígbà tí mo bí ìyá rẹ, ẹ̀yìn ìyáálé mi ni mo kọ́kọ́ gbé e sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tú ọ̀já, tí wọ́n tún un so. Wọn ò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n ti lọ báyìí. Àmọ́ bí mo bá ti po ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, ọwọ́ mi ṣì máa ń nà án sí ẹ̀gbẹ́, síbi tí àpótí wọn máa ń wà, kí n tó rántí. Ìgbà náà ni mo máa ń fi í kan ahọ́n ara mi. Mo wá ń ṣe àmín sí gbogbo ohun tí wọ́n tọrọ fún mi tí mi ò gbọ́.