Ta Ló Kọ́kọ́ Jábọ́ Sínú Òkun?

Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ló kọ́kọ́ pàdé wa ní Àgbádárìgì, kí ọkọ̀ wa tó dúró rárá. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, òun àti afẹ́fẹ́ kan tó ń lẹ̀ mọ́ni lára bí ẹni pé wọ́n fi iyọ̀ pò ó. Oòrùn ń ta lórí omi ọ̀sà débi pé mo ní láti fi ìborùn mi ṣíji bo ojú. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, láàárín òkè, Òṣogbo ni mo sì ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti lọ́kọ. Omi tó fẹ̀ jù tí mo mọ̀ ni odò Ọ̀ṣun nígbà tó bá kún bo bèbè ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo wo ọ̀sà yẹn títí, mo ní, "Ṣé òkun nìyí?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èyí kọ́. Ọmọ òkun lèyí."

Láti ilé ló ti dé fìlà funfun kan báyìí, èyí tó ní etí dúdú tó ń dán níwájú. Láti Òṣogbo dé Ìbàdàn ló ń ṣàlàyé ìjì òkun fún awakọ̀, títí awakọ̀ fi yí rédíò sókè. Èmi ní tèmi di iṣu mẹ́rin sínú àpò, mo gbé e lé ẹsẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni mí. N kò lè gbára lé oúnjẹ ìlú tí n kò rí oko kankan níbẹ̀.

Ọkọ mi ti fi ọdún méje ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kó tó di òṣìṣẹ́ ìjọba. Òun ló máa ń fi òróró pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà la lọ bẹ̀ wò. Ọ̀kan ni káfíńtà ọkọ̀, ọmọ Ẹ̀gùn, ó ga gbọọrọ, ó sì tín-ín-rín. Èkejì ni kúùkù, ó sanra dáadáa, etí rẹ̀ ọ̀tún kò sì gbọ́ràn mọ́. Àgbàlá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé létí ọ̀sà. Bí wọ́n ṣe rí wa, wọ́n pariwo, "Òṣogbo! Òṣogbo dé!" Mo kọ́kọ́ rò pé ìlú wa ni wọ́n ń kí. Àṣé orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ mi nínú ọkọ̀ nìyẹn.

Kí o tó lè mọ ohun tó dé bá mi níbẹ̀, ó yẹ kí o mọ bí mo ṣe lọ́kọ. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Iléṣà, kò sì fẹ́ fi mí fún ẹni tó ń gbé orí omi. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá dé, òun fẹ́ mọ ilẹ̀kùn tí òun máa lọ kàn. Ìgbà náà ni ọkọ mi, tí kò tíì di ọkọ mi, sọ ìtàn kan fún un. Ó ní àwọn wà ní èbúté ìlú òkèèrè kan, àwọn ń fa okùn ọkọ̀, ni okùn bá já, ni kúùkù bá jábọ́ sínú òkun. Ó ní òun bẹ́ sómi tòun ti aṣọ àti bàtà, òun gbá a mú ní ọrùn ẹ̀wù títí wọ́n fi ju okùn mìíràn sí àwọn. Bàbá mi bi í pé, "Òmùwẹ̀ ni ọ́?" Ó ní, "Rárá, sà. N kò tilẹ̀ ráyè rò ó." Bàbá mi dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó lè kó sómi nítorí kúùkù kò ní sá fún ọmọ òun. Ìtàn yẹn ló fún mi lọ́kọ. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n sórí bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ti yá odó, mo ti gún iyán, ìyàwó kúùkù sì ti se ọbẹ̀ ẹja tútù tó ń ta sánsán. A jókòó sábẹ́ igi àgbọn. Kúùkù nu ọwọ́, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé Òṣogbo ti sọ fún ọ nípa ọjọ́ tí mo bẹ́ sínú òkun nítorí rẹ̀?"

Òkèlè dúró lọ́wọ́ mi. Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ọbẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún nínú rẹ̀. Kúùkù ń bá ọ̀rọ̀ lọ: èbúté kan náà, okùn kan náà tó já, tòun ti aṣọ àti bàtà. Kò tíì parí rẹ̀ tí káfíńtà fi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí! Ta ló bẹ́ sómi bí kì í ṣe èmi? Èmi ni mo fa kúùkù yìí jáde bí àpò ìrẹsì!"

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ọkọ mi ní irọ́ ni. Káfíńtà ní kí wọ́n gbé Bíbélì wá. Kúùkù, tí kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ, ń tún tirẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú mi ò dùn, jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti fi ń gbé nínú ìtàn yẹn. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti yé mi pé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ bẹ́ sómi. Ta ló wá kọ́kọ́ jábọ́?"

Ìyàwó kúùkù, tó ń yí ẹja padà lórí ààrò, ní láìwo ẹ̀yìn, "Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń bi wọ́n."

Káfíńtà ló ní kí àwọn lọ fi bó ṣe rí hàn wá. Pẹpẹ pákó kan wà létí omi, tí àwọn apẹja máa ń so ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá àgbà mẹ́ta wọ̀nyí tò sí, káfíńtà níwájú, ọkọ mi láàárín, kúùkù lẹ́yìn ní etí pẹpẹ gan-an. Wọ́n di okùn ọkọ̀ kan tó so mọ́ òpó mú. Káfíńtà ní, "Báyìí la dúró. Ẹ fà!" Wọ́n fà á. Okùn náà, tí oòrùn ti jẹ, já pàù.

Ọ̀rẹ́ mi, mò ń wò wọ́n, ojú mi ò sì fọ́, ṣùgbọ́n n kò lè búra lórí ẹni tó kọ́kọ́ jábọ́. Ohun tí mo rí ni pé ọwọ́ di ẹ̀wù mú, ẹ̀wù fa apá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ inú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Orí kúùkù wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀, mò ń sáré, mò ń ké orúkọ bàbá mi tó ti kú. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ọkọ mi kò mọ odò wẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ó ti gbá kúùkù mú ní ọrùn ẹ̀wù. Kúùkù di ṣòkòtò káfíńtà mú. Káfíńtà ti ki apá méjèèjì bọ abẹ́ abíyá ọkọ mi. Olúkúlùkù wọn sì ń pariwo mọ́ èkejì pé, "Má bẹ̀rù! Mo ti mú ọ!"

Ìyàwó kúùkù dé etí omi pẹ̀lú igi tó fi ń yí ẹja. Ó ní, "Ẹ dìde dúró!" Wọn kò gbọ́. Ó tún un sọ, ó fi igi lu pákó gbàgà. Wọ́n dìde dúró. Omi náà kò kọjá ìbàdí wọn.

Wọ́n dúró síbẹ̀, ẹrẹ̀ ń kán lára wọn, fìlà funfun ń bá omi lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kúùkù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó jọ pé bó ṣe rí nìyẹn."

Ọkọ mi ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Káfíńtà ní, "Ta ló wá ju okùn sí wa lọ́jọ́ náà?" Kò sẹ́ni tó rántí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n di ara wọn mú, a ò tètè rí wọn fà jáde.

Nígbà tí ọmọ wa obìnrin gbọ́ lórí fóònù, ó ní, "Màmá, irọ́ ni Dádì ti ń pa fún wa nígbà náà?" Mo ní rárá. Ẹni tí omi ń gbé lọ, ẹni tó dì mú ló ń rí. Kì í rí ẹni tó di òun mú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni mo sọ fún ọmọ. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ni mò ń bá wí.

Torí èmi náà ní ìtàn tèmi. Lọ́dún tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn ní Iléṣà, mo fi oṣù mẹ́ta tọ́jú rẹ̀, mo sì ń wá sí Òṣogbo ní gbogbo Sátidé láti se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ni mo ti sọ ọ́ fún. Nínú ìtàn náà, ọkọ mi kàn jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn ni. Nígbà tí a ti Àgbádárìgì dé, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bi í pé, "Bàbá wọn, lọ́dún tí mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi, kí lẹ̀ ń ṣe nílé?"

Ó ní, "Mò ń dirun."

"Irun ta ni?"

"Irun ọmọ rẹ. Ó kọ̀ láti jẹ́ kí onídìrí fọwọ́ kàn án, ó ní ìwọ lòun fẹ́. Mo bá gbé e sáàárín orúnkún mi, mo so ó bí a ṣe ń so okùn nínú ọkọ̀."

Mo rántí irun yẹn. Mo dé ní Sátidé kan, mo bá a lórí ọmọ, ó le koko, n kò rí i tú, sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé e níbi méjì. Mo sì sọdá lọ bá obìnrin tó ń gbé òdìkejì wa jà, nítorí mo rò pé òun ló fi orí ọmọ mi kọ́ṣẹ́. Ó búra pé òun ò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, kíkí lásán ni mò ń kí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú nínú ẹja gbígbẹ tí a kó bọ̀, mo sọdá lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹja, ó ní òun dárí jì mí, ó wá ní kí n jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́. Mo sọ ọ́. Ìtàn àìsàn ìyá mi ti gùn sí i báyìí tí mo bá ń sọ ọ́. Ènìyàn ti pọ̀ nínú rẹ̀.