Ọjọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Bá Bàbá Du Àwòrán

Mo rántí ìgbà tí mo sọ ara mi di onígbàǹjo ní Àgbádárìgì. Títí di ọjọ́ náà, n kò ta nǹkan mìíràn rí ju ìwé ìtàn tí mo fúnra mi kọ, àwọn ẹbí mi ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó rà á, nítorí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè sọ pé àwọn ò rà. Síbẹ̀, nígbà tí àwa òǹkọ̀wé àti ayàwòrán mélòó kan pinnu láti ta iṣẹ́ wa kí a fi owó rẹ̀ ran àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́, èmi ni mo fò dìde pé èmi ni n ó máa pe owó. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń nàka, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù lu tábìlì. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Ọ̀rẹ́ mi ayàwòrán ló pe gbogbo wa jọ. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá rẹ̀, obìnrin tó ń yan ẹja tà ní Ajárá. Ìyá náà ti rí kókó lọ́mú rẹ̀ tipẹ́, ó sì fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ títí ó fi pẹ́ jù. Àwòrán kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ mi yà nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé ló gbé kalẹ̀ fún títà: ìyá náà níwájú ààrò, tí èéfín bo apá rẹ̀ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òmíràn rọ́pò.

Ó ní, "Tí mo bá mú èyí tí kò dùn mí wá, kí ni mo fún wọn? Ṣáà bá mi tà á dáadáa, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa sin ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá, olórí ẹbí tó ni gbọ̀ngàn, jókòó níwájú. Mo gbé àwòrán náà sókè ṣáájú gbogbo nǹkan, mo wá ṣe ohun tí mo rò pé ọmọlúàbí máa ṣe: mo ní kí Bàbá kọ́kọ́ dá owó.

Bàbá wò ó, ó ní, "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ta ló máa fi owó lé e?" Ọwọ́ kankan kò sókè. Mo nàka sí ọkọ ọmọ Bàbá tó ti Morógbó wá, ọkùnrin tó lówó lọ́wọ́ dáadáa. Ó wolẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. "Brọ̀dá," ó rọra sọ ọ́, "ṣé ẹ fẹ́ kí n bá àna mi du nǹkan ni?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Ta ni yóò fi owó lé ti Bàbá nínú gbọ̀ngàn Bàbá? Mo wo ọ̀rẹ́ mi, ó ti kọjú sí ògiri. Ẹnu mi kàn ṣàdédé là: "Ẹ dákun, ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí?"

Ẹ̀rín sọ. Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Èmi rèé." Ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin ni, ìyá àgbà tí òun àti ìyá ọ̀rẹ́ mi jọ ń yan ẹja nígbà ayé rẹ̀.

"Nọvi ṣie, àbúrò mi," ó ní, "ojú ò tilẹ̀ tì ọ́? Owó táṣẹ́rẹ́ yìí lo fẹ́ fi gbé ọ̀rẹ́ mi lọ? Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni tèmi."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun rò pé wọ́n kàn ní kí òun ṣí i ni, òun náà sì ti ń retí kí wọ́n fi kún un. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa fi lé e jàre. Ẹni tí kò bá fi lé e ló rí mi fín."

Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ara wọn ò gbà kí wọ́n kàn pe owó lé ti Bàbá lásán. Ọkọ ọmọ Bàbá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú léèsì funfun kó tó pe iye tirẹ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó fi kún un. Ọkùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí Bàbá tí wọ́n ń gbówó lé e, irú èyí tí n kò rí lórí fóònù mi rárá. Nígbà tí mo fi máa lu tábìlì, léèsì náà ti di aláwọ̀ eruku, àwòrán sì ti di ti ará Morógbó ní iye tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lálàá rẹ̀.

Bí èrò ṣe ń tú ká, ìyá àgbà pe ọ̀rẹ́ mi. Mo rò pé àwòrán tó bọ́ mọ́ ìyá àgbà lọ́wọ́ ló ń dùn ún. Ó mú ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀.

"Kókó kan wà níbí, ọmọ mi. Ìyá rẹ fi tiẹ̀ pamọ́ fún mi. Èmi ò fẹ́ fi tèmi pamọ́ fún ọ."

Ọ̀rẹ́ mi kò sunkún. Ó kàn bi í pé, "Ṣé ẹ máa ráyè lọ́jọ́ Mọ́ńdè?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìtọ́jú náà kò rọrùn. Irun ìyá àgbà re, ó sì fi èdè Ẹ̀gùn bú dókítà kan tí kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó tètè dé, wọ́n sì rí i tọ́jú. Lọ́dọọdún la ṣì ń ṣe gbàǹjo wa, àwọn oníwádìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, mo sì ń gbàdúrà fún wọn ju bí mo ṣe ń gbàdúrà fún ìwé mi lọ. Láìpẹ́ yìí ni mo ní kí ọ̀rẹ́ mi ya àwòrán ìyá àgbà fún gbàǹjo ti ọdún yìí. Ó ní òun ti gbìyànjú títí, ìyá náà kì í jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kó má jókòó o. Kó máa rìn.