Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lọ́nà Oǹdó

Ọmọ Àkúrẹ́ ni Leah Adébùsóyè, ọmọ Oǹdó sì ni ọkọ rẹ̀, Ọmọ́níyì. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni wọ́n ti jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà: wọ́n á gbin kòkó sínú ọ̀rá dúdú ní oko wọn lẹ́bàá Oda, nígbà tó bá sì hù tó dàgbà díẹ̀, wọ́n á fi píkọ́ọ̀pù wọn kó o lọ fún àwọn àgbẹ̀ ní Oǹdó. Leah ló mọ bí wọ́n ṣe ń bomi rin ín tí kò fi ní jẹrà. Ọmọ́níyì ló ń wakọ̀. Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n gbogbo ìró ara rẹ̀ ló mọ̀.

Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gúlókómà ló ba ojú Ọmọ́níyì jẹ́. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń ṣókùnkùn, ó sì ń fi pamọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì oúnjẹ. Ó ní, "Ìyá Peculiar, gbà á. Díẹ̀ ló kù kí n gbá ẹnì kan lánàá, mi ò sì rí i títí ó fi pariwo."

Látọjọ́ náà, Leah ló ń wakọ̀ kó kòkó lọ sí Oǹdó; Ọmọ́níyì kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Bí wọ́n bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, takisí ló máa ń ní kí àwọn wọ̀. Bí Leah bá sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ táyà tàbí epo tó ń jò, ọkùnrin náà á kàn nawọ́ tan rédíò rẹ̀. Nígbà tó yá, Leah kò bá a sọ ọ́ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó bá ti tẹ bíréèkì, kò sọ fún un. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Àkúrẹ́. Onítọ̀hún kò bi í ní nǹkan kan. Ó pààrọ̀ páàdì bíréèkì iwájú, ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ họ dísìkì méjèèjì, irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń fún, kó lè tẹ́jú. Leah rò pé ó ti yanjú. Àfi ìgbà tó kó ẹrù kún ẹ̀yìn, tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí afárá Ọ̀wẹnà, tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Láti ìgbà náà, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí àyà rẹ̀ kì í já.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ́níyì obìnrin, Agnes, ló wá ṣubú ní Oǹdó, tó sì dá lẹ́sẹ̀. Ọmọ́níyì ní òun fẹ́ lọ kí i.

"Ṣé ká wá wọ bọ́ọ̀sì ni?" Leah bi í.

Ó ronú díẹ̀. "Kí la fẹ́ máa wọ bọ́ọ̀sì sí, nígbà tó o ń kó kòkó lọ síbẹ̀? Jẹ́ ká jọ lọ."

Lójú ọ̀nà, Leah ń dín eré kù láti òkèèrè kó má bàa sí ìdí tí á fi tẹ bíréèkì dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sún mọ́ Ọ̀wẹnà, ọlọ́kadà kan yọ láti ọ̀nà oko. Leah tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n, gbogbo kòkó tó wà lẹ́yìn sì ń mì.

Wọ́n kọjá afárá. Ọmọ́níyì ní, "Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ni?"

"Leah."

"Ó ti tó oṣù méjì."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa ọkọ̀ yìí mọ́, Bàbá Peculiar. Bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, rédíò lẹ máa ń tàn. Mo rò pé ó ń dùn yín ni."

"Ó ń dùn mí lóòótọ́," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé mo jókòó sílé, ìwọ nìkan lò ń bá wàhálà rẹ̀ kiri. Ó dáa, sọ fún mi. Nígbà tó gbọ̀n yẹn, ṣé sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ?"

Leah ronú. Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Rárá o. Sítíárìn dúró. Ìjókòó ló ń mì."

"Abẹ́ ìdí lèmi náà ti gbọ́ ọ. Ká ní bíréèkì iwájú ni, ọwọ́ rẹ ni ìbá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó jọ pé ẹ̀yìn ni. Jẹ́ ká dán an wò."

Nígbà tí wọ́n kọjá Bọ́lọ́rundúró, tí ọ̀nà tẹ́jú tí kò sì sí ọkọ̀ níwájú tàbí lẹ́yìn wọn, Ọmọ́níyì ní kó rọra máa lọ, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì pátápátá. "Di háńbíréèkì mú. Tẹ bọ́tìnì orí rẹ̀, má fi í sílẹ̀, kó má bàa há. Wá rọra fà á. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń mú."

Leah fà á díẹ̀. Gbígbọ̀n náà dé, bó ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́.

"Òun nìyẹn!" ló pariwo.

"Òun náà ni," Ọmọ́níyì ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní Oǹdó, wọ́n já kòkó fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì yà sọ́dọ̀ Jíbọ́lá, mẹkáníìkì tó ti mọ Ọmọ́níyì tipẹ́. Kí ó tó gbé jáàkì dé, Ọmọ́níyì ní kí Leah mú òun dé ìdí táyà ẹ̀yìn. Leah di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sún mọ́ rímù òsì. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán. Wọ́n bọ́ sí ti ọ̀tún, ó gbóná débi pé Ọmọ́níyì yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Èyí ń mú nígbà tí kò yẹ kó mú," ló wí.

Jíbọ́lá tú u. Dúróòmù, irin róbótó bí abọ́ tí bíréèkì ẹ̀yìn ń fẹ̀ mọ́ nínú, ti ní àpá aláwọ̀ búlúù níbi tí ooru ti jó o, kò sì róbótó dáadáa mọ́. Ó wọ̀n ọ́n, ó mi orí. "Kò ṣeé họ, sà. Ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn fi sí i."

"A ó fi sí i. Ṣùgbọ́n kí ló ń mú un gbóná? Bí a ò bá mọ̀ ọ́n, á ba tuntun náà jẹ́," Ọmọ́níyì dáhùn.

Jíbọ́lá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí Leah máa fa háńbíréèkì, kó sì máa fi í sílẹ̀. Wáyà ti òsì ń padà sáyè rẹ̀. Ti ọ̀tún padà dé ìdajì, ó há. "Wáyà yìí ti dógùn-ún, mọ́mì!" ló kígbe láti ìsàlẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fi í sílẹ̀, kì í tú tán."

Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sọ́dọ̀ Agnes, tó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi POP dì sórí àga, tó sì bú àbúrò rẹ̀ dáadáa pé ó di ìgbà tí òun ṣẹ́ṣẹ̀ dá lẹ́sẹ̀ kó tó rántí òun. Ọmọ́níyì kàn ń bẹ̀ ẹ́. Leah kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ti ní dúróòmù mìíràn àti wáyà tuntun. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀wẹnà, Leah tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ rọra dín eré kù, ìjókòó kò mì rárá. Ọmọ́níyì mi orí lẹ́ẹ̀kan pé ó dáa, ó sì yíjú sí fèrèsé.

"Kí ló wà lápá ọ̀tún wa báyìí?"

"Obìnrin kan ń kó kòkó tó sá sínú àpò. Òjò ti ṣú."

"Ilé epo tí wọ́n ń kọ́ nígbà tí mo ṣì ń wakọ̀, ṣé wọ́n ti kọ́ ọ tán?"

"Wọ́n ti kọ́ ọ tán, wọ́n tiẹ̀ ti ń tà níbẹ̀." Leah ń wakọ̀ lọ, ó ń sọ ohun tó ń rí fún un títí wọ́n fi wọ Àkúrẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí Leah tó kó kòkó tán sẹ́yìn ọkọ̀, Ọmọ́níyì ti jókòó síwájú, ó ti so bẹ́líìtì mọ́ra, ó ń bi í bóyá ó ti wo afẹ́fẹ́ táyà.